Ọwọ́ Tí Kì Í Tètè Tú

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù keje

Lẹ́tà náà dé lónìí. Ojú ìwé kan péré ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta lórí ìdúró kí n tó jókòó.

"Mo yẹ olùkọ́ yìí wò fúnra mi. Iṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lágbára dáadáa, ó sì ń tú bó ṣe yẹ. Kò sí àìsàn lára rẹ̀. Ohun tó gbé e ṣubú lójú títì kò sí nínú iṣan rẹ̀."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni mò ń kà ní àkàtúnkà. Kò dárúkọ ọtí. Ó fi èyí sílẹ̀ fún Ìyá Agogo, ọ̀gá ilé ìwé tí àbúrò mi ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì. (Kò jẹ́ kí ẹlòmíì lu agogo ilé ìwé rí, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀.) Òun kọ ojú ìwé mẹ́ta. Ó ní àbúrò mi ti mutí yó nígbà tó ń mú àwọn ọmọ sọdá títì; ó ní awakọ̀ kan fun fèrè, àbúrò mi ṣubú lulẹ̀ gbalaja bí igi tí wọ́n gé, ó fa ọmọ tó dì mọ́ ọn lọ́wọ́ lulẹ̀, ó sì kọ̀ láti jọ̀wọ́ ọmọ náà títí ọrùn ọwọ́ ọmọ fi dá.

Wọ́n ti ní kó lọ jókòó sílé. Tí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn olùkọ́ bá gba ìwé méjèèjì yìí gbọ́, kò ní kọ́ ọmọ kankan mọ́ láyé rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó fọwọ́ sí lẹ́tà náà ló kọ́ mi ní iṣẹ́ dókítà iṣan. Ọdún mẹ́fà ni mo fi tẹ̀lé e láti ibùsùn aláìsàn kan dé èkejì. Tó bá jẹ́ àlejò ló kọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí n forí jì í. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo fẹ́ kí ojú tì í, mo sì fẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń tì í.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Àbúrò mi wá lọ́sàn-án. Ojú rẹ̀ ṣì wú níbi tó fi gbá títì.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kó lọ. Kíláàsì mi ni mo fẹ́."

"Wọ́n pè ẹ́ ní ọ̀mùtí."

"Wọ́n ti pè mí ní ọ̀lẹ. Wọ́n ti pè mí ní agbéraga. Nílé ẹ̀kọ́ girama, Igi ni wọ́n ń pè mí. Ọ̀mùtí kàn jẹ́ tuntun ni, ó máa pẹ́ kí n tó mọ́ ọn lára."

Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, ó sín. Ojú rẹ̀ pa dé, kò là. Ó gbé ọwọ́ lé tábìlì, ó ń dúró jẹ́ẹ́. Mo ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án kí ìpéǹpéjú rẹ̀ tó gbéra. Láti kékeré ló ti máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà yẹn, èmi rò pé ó máa ń gbàdúrà lẹ́yìn tó bá sín ni.

Mo tún ọ̀rọ̀ àìsàn iṣan rẹ̀ ṣàlàyé fún un, kó lè sọ ọ́ fúnra rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Iṣan gbogbo wa máa ń fún, á sì tú. Tirẹ̀ máa ń fún, àmọ́ kì í tètè tú. Inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ló ti ń wá. Tó bá ti sinmi, tí òtútù bá mú, tàbí tí nǹkan bá já a láyà, á le gbagidi. Àmọ́ tó bá ti fún un, tó sì tú u bí ìgbà mélòó kan, á máa ṣe bíi ti gbogbo èèyàn.

Ó ronú díẹ̀. "Bí ilẹ̀kùn tí òjò ti mú kó wú," ó ní. "Ẹ tì í lẹ́ẹ̀kan, kò ṣí. Ẹ máa tì í, tó bá yá, á dà bíi pé kò ṣe é rí."

Mo ti ń ṣàlàyé àìsàn yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́rìnlá. Mi ò sọ ọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo sùn sílé rẹ̀ kí n lè rí bó ṣe ń lo ọjọ́ kan. Mo mú aago tí mo fi ń ka ìṣẹ́jú àáyá àti ìwé dání.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ó jí, kò sì dìde. Ó ń ká orúnkún, ó ń nà án, lábẹ́ aṣọ ìbora, títí ó fi pé ogún. "Mò ń ta ẹ́ńjìnnì jí," ó ní. Ó fi ògiri rìn dé ilé ìwẹ̀. Ní ìgbésẹ̀ kẹjọ ó ti ń rìn bíi tèmi. Ọwọ́ rẹ̀ di búrọ́ọ̀ṣì eyín mú, ó sì ní láti fi ọwọ́ kejì tú ìka rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Kó tó jẹ búrẹ́dì, ó ń jẹ afẹ́fẹ́ lásán fún ìgbà díẹ̀, torí òkèlè àkọ́kọ́ ló máa ń ti àgbọ̀n rẹ̀ pa. Omi gbígbóná ló fi ń tú ọwọ́ kó tó lè lo kọ́kọ́rọ́. Owó gáàsì sì ti fò sókè lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan.

Nínú ọkọ̀ èrò, ó dìde dúró nígbà tó ku ibùdókọ̀ méjì ká dé ibi tí à ń lọ. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ní, "Àǹtí, ìjókòó ń gún yín ni?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ká ní ó dúró dìgbà tí ọkọ̀ bá dúró, kò ní lè dìde, wọn á sì gbé e kọjá. Torí ìdí kan náà ni kì í jókòó ní yàrá àwọn olùkọ́. Wọ́n ní ó ń gbéra ga.

Ara rẹ̀ gan-an ló ń tako ẹjọ́ rẹ̀. Èjìká àti itan rẹ̀ ki bíi ti eléré ìje, nítorí iṣan tí kì í sinmi ni. Ta ló máa wò ó kó sọ pé ó ń ṣàìsàn?

Mo kọ ohun mọ́kànlélógójì sílẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tuntun fún un.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo lọ sọ́dọ̀ Màmá.

"Bàbá yín ò ní àìsàn kankan," ó ní, kí n tó béèrè.

"Màmá, ṣé ó máa ń bọ èèyàn lọ́wọ́?"

"Fìlà rẹ̀ máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa ń tẹrí ba ni."

"Kí ló dé?"

Ó ń ká ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀, ó ń tú u. "Lọ́jọ́ tí a fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó, ọwọ́ rẹ̀ ò lè jọ̀wọ́ gègé. Gbogbo èèyàn ń wò wá. Mo bọ́ ìka rẹ̀ kúrò lára gègé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi pé mò ń bá a ṣeré. Ó ní tí mo bá sọ fún ẹnikẹ́ni, òun ò ní lè gbé ojú sókè mọ́. Mi ò sì sọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lé e níbi iṣẹ́, pé ó ń fi iṣẹ́ ṣeré. Mi ò sọ."

"Ẹ ò sọ fún èmi pàápàá, èmi tí mo jẹ́ dókítà."

"Ìwọ náà ò béèrè."

Mo fi ti bàbá wa kún ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n máa jíhìn rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n rí. Mo fi kún un bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Wọ́n ní tí ọwọ́ ọmọdé ò bá tíì tẹ èkù idà, kì í béèrè ikú tó pa bàbá rẹ̀. Lónìí, ọwọ́ mi ti tẹ èkù.

Mo lọ gba ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò ní ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n. Òkè kẹta ló wà. Mo dúró níwájú ẹ̀rọ agbéniròkè, mo ń tẹ bọ́tìnnì.

"Dókítà, ẹ má da ara yín láàmú," aṣọ́nà ní. "Ẹ̀rọ yẹn ti kú láti èṣí. Wọn ò kàn tíì sin ín ni."

Ni mo bá fẹsẹ̀ gun òkè. Nígbà tí mo dé ìdajì, mo dúró. Mo padà sísàlẹ̀, mo wá ń kà á: àtẹ̀gùn mẹ́rìndínláàádọ́rin. Àbúrò mi gun gbogbo rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Nígbà tó fi máa kan ilẹ̀kùn, kò sí iṣan kan lára rẹ̀ tí kò tíì tú.

Akọ̀wé rẹ̀ fún mi ní ẹ̀dà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí àbúrò mi di ọwọ́ kó sì tú u, lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ohun kan ṣoṣo ló kọ: "Ó tú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀."

Gbogbo wa tó kọ́ la mọ òfin yẹn. "Àárẹ̀ kì í purọ́. Ẹ dán an wò títí, kí ẹ kọ èyí tó kẹ́yìn." Òfin náà dára, torí ọ̀pọ̀ àìsàn iṣan ló jẹ́ pé bí aláìsàn bá ṣe ń lo ara ni yóò máa rẹ̀ ẹ́. Àmọ́ nínú àìsàn yìí, èyí tó kẹ́yìn ló ń purọ́. Èyí àkọ́kọ́ ni òtítọ́, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́yìn ìsinmi.

Ìṣẹ́jú márùn-ún lórí fóònù ti tó. Màá sọ fún un, á gbá iwájú orí, á sì kọ lẹ́tà míì. Mo mú fóònù jáde nínú ọkọ̀, mo sì dá a padà sínú àpò. Mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ lórí fóònù. Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ níwájú èèyàn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Ẹlẹgbẹ́ mi kan ló ṣe àyẹ̀wò abẹ́rẹ́, kí wọ́n má baà ní ẹ̀gbọ́n ló ṣe é. Abẹ́rẹ́ wọ iṣan apá, ẹ̀rọ sì ń sọ ohun tó gbọ́: ìró bíi ti alùpùpù tó ń sáré lọ, tó ń dún kíkankíkan, tó sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iṣan tó sinmi kì í ké bẹ́ẹ̀.

"Ṣé inú mi ló ti ń wá?" àbúrò mi béèrè.

"Inú rẹ ni."

"Abájọ tí n kì í rí oorun sùn."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Òjò ọjọ́ mẹ́rin. Àbúrò mi ṣubú nínú ilé ìwẹ̀, eyín iwájú rẹ̀ kan kán. Ọwọ́ kò tètè nà láti gbà á, ojú ló fi gbá ilẹ̀. Ìgbìmọ̀ ti dá ọjọ́: ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí Ọ̀jọ̀gbọ́n wá jẹ́rìí fúnra rẹ̀. Èmi ni mo kọ̀wé pé kí wọ́n pè é.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ

A lọ kó ẹrù àbúrò mi ní ilé ìwé. Ìyá Agogo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, agogo lórí itan.

"Dókítà, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ wá gbé igò yín ni?"

"Igò wo, mà?"

"Ẹ bi àbúrò yín. Láràárọ̀, kó tó mú ṣọ́ọ̀kì, á gbé igò rẹ̀, á dì í mú bí ìyá tó gbé ọmọ."

Mo lọ ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì àbúrò mi ní kíláàsì. Fúláàsì ni. Omi gbígbóná ló máa ń gbé wá kó lè fi yá ìka rẹ̀. Mo ṣí i, mo gbé e wá síwájú imú Ìyá Agogo.

"Ẹ gbóòórùn rẹ̀, mà."

Ó fà sẹ́yìn. "Ọtí tí kì í rùn wà."

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

"Èmi ò mu ún rí, báwo ni mo ṣe máa mọ orúkọ? Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń wo ojú ọmọ èèyàn. Tí mo bá rí ọ̀mùtí, mo mọ̀ ọ́n."

Àbúrò mi béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọwọ́ ọmọ náà ńkọ́?"

Ìyá Agogo wò ó, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. "Ó ti fi ń kọ̀wé."

Nínú ọkọ̀ ni àbúrò mi ti sunkún. Kò sunkún nígbà tí wọ́n ní kó lọ jókòó sílé. Ó ní gbogbo bí òun ṣe ń gbọ́ igbe ọmọ náà ni òun ń pàṣẹ fún ọwọ́ òun, ọwọ́ kò gbọ́.

Ìyá Agogo náà máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹrìnlélógún. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Mo ní kí akọ̀wé fáìlì wá fáìlì àtijọ́ àbúrò mi jáde nílé ìwòsàn wa, kí n lè kó gbogbo ìṣubú rẹ̀ jọ. Ó gbọn eruku rẹ̀ nù. "Ó jọ pé ẹ̀yin náà wà nínú rẹ̀, Dókítà," ó ní, ó sì padà sídìí tíì rẹ̀.

Ojú ìwé kẹrin. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi.

"Ó ní ara òun máa ń le. Ó di ọwọ́, ó sì tú u, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ó tú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sí àìsàn iṣan. Iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un. Kó sinmi."

Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí pé mo ti gbàgbé. Irọ́ ni. Mi ò gbàgbé. Mo kàn ń gba ọ̀nà ibòmíì kọjá ni. Ó wá lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ mi dí, ó sì jẹ́ àbúrò mi. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bí èèyàn ṣe ń yẹ àbúrò rẹ̀ wò.

Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá rí ojú ìwé yìí, ọ̀rọ̀ tán. Á kàn gbé e sókè ni.

Akọ̀wé kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo yọ ojú ìwé náà. Ìwé àtijọ́ ni, kò tilẹ̀ dún.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Òjò. Mi ò lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

A ṣe ìdánrawò. Àbúrò mi máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, kò ní rìn, kò ní ká ìka. Wọ́n á pè é. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa di ọwọ́, ojú wọn ló máa ti ṣe é. Títí dé ibẹ̀, a jọ gbà.

Mo wá sọ fún un pé mo fẹ́ kí awakọ̀ kan dúró sábẹ́ fèrèsé. Tí mo bá ti wúkọ́, kó fun fèrè.

"Nítorí kí ni?"

"Kí wọ́n rí i."

"Ẹ fẹ́ kí n ṣubú."

"Orí kápẹ́ẹ̀tì ni."

"Àǹtí, ta ni ẹ ń bá jà gan-an?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n."

Ó ń wò mí bó ṣe máa ń wo ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ní ajá ló jẹ iṣẹ́ àṣetiléwá òun. "Ọwọ́ nìkan," ó ní. "Mi ò ní ṣubú fún ẹnikẹ́ni mọ́. Títí kan ẹ̀yin."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Òtútù mú, òjò ń ṣẹ̀. Inú mi dùn sí i láàárọ̀.

Èèyàn mẹ́ta ló wà nínú ìgbìmọ̀. Alága wọn jẹ́ obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ adájọ́, ó fi ìborùn bo èjìká. Ìyá Agogo wà lápá òsì, agogo kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé pẹ̀lú ọ̀pá. Ó ti darúgbó ju bí mo ṣe rò lọ. Ó kí mi: "Dókítà mi." Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ìkórìíra ò ní kí èèyàn má kí àgbà.

Ó ka lẹ́tà rẹ̀. Ìyá Agogo sọ tirẹ̀. Wọ́n wá pe àbúrò mi láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí, kò sẹ́ni tó wọlé. A ń rí i láti ibi tí a jókòó: ó ti di apá àga mú, ó ti gbéra dé ìdajì, ó sì dúró síbẹ̀. Ojú rẹ̀ balẹ̀. Ó ń dúró de ara rẹ̀.

"Ẹ wò ó," Ìyá Agogo ní. "Ohun tí mo wí nìyẹn."

"Mà, ẹ dákẹ́," alága dá a lóhùn.

Nígbà tó dé iwájú, mo ní kí alága fún un lọ́wọ́. Mo ní kí àbúrò mi dì í mú dáadáa, kó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ tí mo bá ní ó tó. Mo ní ó tó. Mo gbé aago sókè kí gbogbo wọn rí i. Ìka rẹ̀ ká mọ́ ọwọ́ obìnrin náà. Ìṣẹ́jú àáyá méjì. Márùn-ún. Alága rọra fa ọwọ́, kò jáde. Mẹ́sàn-án.

"Ẹ má bínú, mà," àbúrò mi ní. "Ó ń bọ̀."

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàlá. Nígbà kejì, mẹ́jọ. Ẹ̀kẹta, mẹ́rin. Nígbà karùn-ún, ó tú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Alága ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bíi pé ọwọ́ ẹlòmíì ni. Mo gbé ìwé àyẹ̀wò abẹ́rẹ́ síwájú wọn, mo sì ṣàlàyé bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí kan ilẹ̀kùn tí òjò mú wú. Mo wá yíjú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ dán an wò, sà?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹwàá."

"Èwo lẹ kọ?"

Ó ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti rí i. "Èyí tó kẹ́yìn," ó ní.

"Àtẹ̀gùn mélòó ló wà láti ìsàlẹ̀ dé ọ́fíìsì yín?"

"Mi ò kà á rí."

"Mẹ́rìndínláàádọ́rin, sà. Ẹ jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn mẹ́rìndínláàádọ́rin, ẹ wá kọ ọ́ pé ara rẹ̀ yá."

Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Ká ní mo dúró síbẹ̀, ó ti tó. Mi ò dúró. Mo bi í bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta tó bá ṣe irú àṣìṣe yìí máa yege lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní rárá. Mo ní kó tún un sọ, pé àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́. Ó tún un sọ.

Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ bi olùkọ́ ní ohun kan ṣoṣo. Ohùn rẹ̀ kò le.

"Ọmọ mi, àìsàn yìí ti wà lára rẹ láti kékeré. Ṣé kò sí dókítà kankan tó ti yẹ̀ ọ́ wò ṣáájú mi?"

Ojú ìwé náà wà nínú àpò mi, lábẹ́ àga. Mo ti mú un wá torí mi ò fẹ́ fi sílé.

Àbúrò mi kò wojú mi. "Kò sí, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ yẹ̀ mí wò."

Wọ́n jáde fún ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án, kó má mú ọmọ sọdá títì mọ́, kí wọ́n sì fa lẹ́tà méjèèjì ya. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò ní yẹ olùkọ́ kankan wò fún wọn mọ́ láti òní lọ. Ìyá Agogo wá bá àbúrò mi, ó ní, "Mo ṣèèṣì," ó sì lọ kíákíá bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ni mo rí gbà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo pe àbúrò mi lórí fóònù. Mo ní, "O mọ̀ pé mo yẹ̀ ẹ́ wò." Ó ní, "Mo mọ̀." Mo ní, "Kí ló dé tí o purọ́?" Ó ní, "Ẹ ti pa ẹnì kan tán lánàá, Àǹtí. Mi ò fẹ́ kó di méjì." Ó wá béèrè bóyá mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ta fúláàsì tí kò gbówó lórí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ ọgbọ̀n

Mo gun àtẹ̀gùn náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń kó ìwé rẹ̀ sínú páálí. Mo gbé ojú ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ó wá awò ojú rẹ̀, ó kà á, ó wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, ó tún un kà.

"Ẹ̀ẹ̀marùn-ún," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O sì kọ èyí tó kẹ́yìn."

"Bí ẹ ṣe kọ́ mi nìyẹn, sà."

"Má fi ìyẹn kún un. Mo kọ́ ọ ní ìwọ̀n tí mo mọ̀. Ta ló yọ ọ́ nínú fáìlì?"

"Èmi ni."

Ó jókòó. "Ìwọ ni o ní kí n tún un sọ. Pé àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́." Ó ń fi ìka nu ojú tábìlì. "Ogójì ọdún. Mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn délé. Kí lo fẹ́ kí n fi ìwé yìí ṣe?"

"Ohunkóhun tó bá wù yín, sà."

"Tí o bá ń retí pé màá fà á ya kí n sì súre fún ọ, o ti gun òkè lásán. Èmi náà kì í tètè dárí jini."

"Mo mọ̀, sà."

Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó fi í síbẹ̀, ó sì tì í. Mo sọ̀kalẹ̀. Mi ò ka àtẹ̀gùn kankan.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án

Àbúrò mi wọ kíláàsì. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún àwọn ọmọ: tí ọwọ́ òun bá di ṣọ́ọ̀kì mú, kí wọ́n máa kà sókè títí yóò fi tú. Wọ́n ka dé mẹ́wàá lówùúrọ̀, mẹ́ta lọ́sàn-án. Ọmọ kan bẹ̀bẹ̀ pé kó tún dì í mú, torí òun ò tíì mọ ohun tó tẹ̀ lé mẹ́wàá. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ dá jókòó níwájú. Kò tíì fẹ́ di ọwọ́ àbúrò mi mú. Àbúrò mi ní òun máa dúró dè é.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Ìwé ìpè dé láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwà àwọn dókítà. Orúkọ mi ló wà lókè. Ẹ̀sùn méjì: àyẹ̀wò tí a kò ṣe dáadáa, àti ojú ìwé tí a yọ nínú fáìlì aláìsàn. Wọ́n so ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò jẹ́ kó tutù. Ní ipò rẹ̀, èmi ò tilẹ̀ ní dúró tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n lè gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo máa lọ, mi ò sì ní mú ẹnikẹ́ni lọ gbè mí lẹ́yìn. Àbúrò mi ní òun máa wá jẹ́rìí pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní kó jókòó sí kíláàsì rẹ̀.

Wọ́n á bi mí pé kí ni mo rí lọ́jọ́ yẹn, lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ohun tí mo kọ ni ìgbà karùn-ún. Màá sọ ti àkọ́kọ́ fún wọn. Àbúrò mi jókòó pẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì mi, torí mo kọ́kọ́ rí àwọn aláìsàn míì. Mo ní kó di ọwọ́ mi mú, ó dì í mú. Mo ní ó tó, kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìka rẹ̀ tutù. Ó ń wò mí lójú, ó ń dúró kí n rí i. Mo rò pé ó ń ṣàárò mi ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Fi mí sílẹ̀ jàre, mi ò lọ ibì kankan."